Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ara Mi Fi Àbíọ́nà Tọrẹ

Ẹ̀yin àlejò mi, mo rí i bí ojú yín ṣe yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin tó gbé omi wá fún yín, ẹ wò ó tán, Bàbá Láńlẹ́yẹ nu ẹnu, wọ́n ní, "Ọmọ tó mọ̀wà hù lèyí, ọmọ ta ni?" Èmi Ọdẹ́jìnmí dáhùn pé, "Ọmọ mi ni," mo sì pa ẹnu dé. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ ń retí kí n tẹrí ba díẹ̀ kí n ní, "Ọmọ yín ni, Bàbá," bí gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ nílé ṣe ń wí. Ẹ ti ń rò ó nínú yín pé igbó ti ba ìwà ọkùnrin yìí jẹ́. Ẹ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yín lọ sílé báyìí, nítorí náà ẹ fi ìdí lélẹ̀, ẹ fọ́ obì, kí n sọ ìdí tí mo fi búra pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní jáde lẹ́nu mi mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi gbà mí. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó tètè sùn, nítorí bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní etí mẹ́tàdínlógún, kò sí ẹni tí oorun yóò kùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, torí mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan níhìn-ín tí wọn kò mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni ọdẹ tó yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹtu méjì ṣubú. Òótọ́ ni pé èkejì kàn ń sá lọ ni tó fi orí sọ igi, ṣùgbọ́n ta ló lé e? Èmi ni mo ko ẹfọ̀n lójú létí odò, tí a wo ara wa títí, tí ẹfọ̀n sì kọ́kọ́ gbójú kúrò. Àwẹ̀ró ìyàwó mi máa ń sọ fún ènìyàn pé orí igi ni mo wà nígbà tí à ń wo ara wa. Kò sí níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni agbára mi kò ká. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni èmi àti Àwẹ̀ró fi jọ wà tí a kò rí ọmọ gbé pọ̀n. A sunkún títí omijé fi tán, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í sin ajá. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni Ẹ̀yìnlàárò, ajá tó gbọ́n ju àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ọdẹ wa lọ, n kò ní dárúkọ. Ibẹ̀ la wà tí obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan, àwọn tí à ń pè ní wẹ́fíà, fi gbé fáìlì wọlé wa, tó sì mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dání. Orúkọ ọmọ náà ni Àbíọ́nà. Ìyá rẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀, ilé mẹ́rin ló sì ti gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ àgbàtọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Obìnrin náà ní, "Ẹ gbà á fún oṣù mẹ́ta ná. Bó bá pé, n óò padà wá gbọ́ bóyá kó dúró tàbí kí n mú un lọ sí ilé kẹfà."

Mo ti rí ẹranko tó ń ṣọ́ra, ṣùgbọ́n n kò rí irú ọmọ yìí rí. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú ìró aláwọ̀ ewé kan, ó ta á ní kókó mẹ́ta, kò sì tú u. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò tú u. Oṣù kan kọjá, kò tú u. Bó bá fẹ́ mú aṣọ, á ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹrù náà bí ẹni tó ń jí ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Bó bá ń lọ pọn omi, ẹrù ń bá a lọ. Ìkejì ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀. "Àbíọ́nà, ṣé o yó?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Ṣé ebi ṣì ń pa ọ́?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo dán an wò lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ṣé mo jọ ọ̀bọ lójú rẹ?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ó fi da ọbẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín pé ọmọ tó gbọ́ràn ni. Wọ́n á ní, "Ọmọ gbogbo wa ni." Bí iṣẹ́ bá délẹ̀, ọmọ gbogbo wa yìí náà ni gbogbo wọn ń rán, nítorí ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ bàtà ilé-ìwé, ọmọ gbogbo wa á di ọmọ Ọdẹ́jìnmí nìkan. Èmi náà kò sì sàn jù wọ́n lọ. N kò fi ọjọ́ kan sọ pé ọmọ mi ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti rí i láyé mi pé ohun tí mo bá ti pè ní tèmi, kì í pẹ́ tí ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù mẹ́ta náà pé, Ẹ̀yìnlàárò sọnù. Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí dé ẹnu Igbó Ẹnukòṣeré, igbó tí bàbá mi ní kí n má wọ̀, tí bàbá tirẹ̀ náà sì ní kó má wọ̀. Mo padà wálé wá mú ìbọn. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ mú ọmọ yìí dání." Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ọmọ ṣe nínú igbó burúkú. Ó ní, "Ajá tí ẹ ti mọ̀ lẹ̀ ń wá lọ. Ẹ kúkú lọ fi ọ̀nà mọ ọmọ tí ẹ kò mọ̀." Ẹ̀yin tí ẹ níyàwó, ẹ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní èsì. Mo bi Àbíọ́nà bóyá ó fẹ́ lọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ rù. Mo ní, "Ìgbẹ́ là ń lọ, kì í ṣe Èkó." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹrù náà kò kúrò lórí.

N kò ní sọ ìrìn ọ̀nà fún yín, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. A dé ibi tí odò kékeré kan ti pààlà igbó náà, a sì bá ọkùnrin kan tó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ẹ̀dá náà ní etí mẹ́tàdínlógún. Mo kà á. Méjì wà níbi tí etí ń wà, mẹ́fà to sí ẹ̀yìn ọrùn, mẹ́rin wà ní àyà, mẹ́rin ní orúnkún, ọ̀kan tó kù wà ní abíyá, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré, á kọ́kọ́ gbé apá sókè. Ó ní, "Ọdẹ, ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní, "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́." Gbogbo etí náà dìde fùù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, "Irọ́ ni. Ẹ̀gún wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ òsì, ẹ̀yìn ń dùn ọ́, o sì ti ń sunkún ajá láti àná. Nínú igbó yìí, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bọ́ lẹ́nu ni yóò ṣe rí. Tún un sọ."

Inú bí mi. Ṣé èmi ni wọ́n ń bá sọ bẹ́ẹ̀? Mo na àyà, mo ní, "Ìwọ ẹlétí, kúrò lọ́nà fún mi. Ebi ń pa mí báyìí tó fi jẹ́ pé mo lè jẹ odidi ẹfọ̀n tòun tìwo." Ẹ̀yin ará, ká má máa fọ́nnu níbi gbogbo. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó kàn yí sẹ́yìn, ó wọ́ odidi ẹfọ̀n yíyan kan jáde láti ẹ̀yìn igi, ìwo méjèèjì wà lórí rẹ̀ gbọnrangandan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó sì fún mi ní iyọ̀. Ó ní tí mo bá jẹ ẹ́ tán, kí n máa kọjá. Mo bu ìwo náà jẹ wò. Eyín mi kan tó ti ń mì láti ọjọ́ pípẹ́ bá ibẹ̀ lọ, ẹ wo àlàfo rẹ̀ níbí.

Mo dúró, mò ń wo ìwo, ìwo ń wò mí. Ni mo bá gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn mi. Àbíọ́nà sọ fún ẹlétí pé, "Sà, wọ́n ní àwọn lè jẹ ẹ́. Wọn ò sọ ọjọ́."

Ẹlétí gbé apá sókè kí ti abíyá náà lè gbọ́. Ó ronú. Ó ní, "Òótọ́ ni. Kò sọ ọjọ́." Ó sì wọ́ ẹfọ̀n rẹ̀ padà tìbànújẹ́tìbànújẹ́, bí ẹni tí àlejò kò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ó wá kọjú sí ọmọ náà. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ọmọ ta ni ọ́?"

Àbíọ́nà, tó máa ń dáhùn kí ènìyàn tó béèrè tán, kò sọ nǹkan kan. Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí fìrí, ó tún wo ilẹ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ń tún okùn ìbọn mi ṣe. Etí mẹ́tàdínlógún náà sùn lélẹ̀ wọ̀ọ̀, ọkùnrin náà sì ní, "Ẹni tí kò rí òótọ́ sọ, tó sì dákẹ́, òun ni kò purọ́. Ẹ kọjá." Bí ọmọ yẹn ṣe mú èmi olórí ọdẹ kọjá ibodè nìyẹn. Ìtìjú díẹ̀ bá mi, mo sì fi orin ìjálá bò ó mọ́lẹ̀ títí a fi rìn jìnnà.

Nígbà tí oòrùn ń gun òkè, a já sí àgbàlá kan. Ẹ̀yin ará, mo ti dé ààfin, n kò rí ohun tó pọ̀ tó báyìí rí. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ ogún, ewúrẹ́ kò lóǹkà, aṣọ àrán, àga, rédíò, àwo iyán tó ṣì ń yọ èéfín, àti odidi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn tó ni ín ń yọjú lójú fèrèsé rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní Láṣùpọ̀ lorúkọ òun. Mo bi í pé ta ló ni gbogbo ẹrù yìí.

Láṣùpọ̀ ní, "Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ ló ni ín. Ìyá náà kì í jalè, kì í sì í tọrọ. Ohun tí àwọn ènìyàn bá fi ẹnu ara wọn fún un ló ń gbà. Ó yin kẹ̀kẹ́ ẹnìkan, ẹni náà ní, 'Kẹ̀kẹ́ yín ni.' Ó bá ẹnìkan nídìí iyán, ẹni náà ní kó wá jẹun. Àwọn tó wà lójú fèrèsé yẹn sọ fún un pé, 'Ilé yín ni.' Ó gba ilé."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ó kí ìyàwó mi lọ́jà pé ọkọ rẹ̀ dára lọ́kùnrin. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ẹ gbà á, ọkọ yín ni.' Ó di ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ibí yìí dára o."

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀yìnlàárò sáré jáde, ó fò mọ́ mi, Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Obìnrin náà sanra, ojú rẹ̀ tútù, ó rẹ́rìn-ín sí wa bí ìyá ẹni. Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ìyá yìí ni mo pàdé lójú ọ̀nà oko lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn, tó ní, "Ọdẹ, ajá rẹ mà dára," tí mo sì dá a lóhùn pé, "Ajá yín ni, Ìyá." Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi oríkì ọdẹ méje kí i. Ó tẹ́tí gbọ́ mi, ó ń mi orí, ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró lẹ́yìn mi ló ń wò. Ó ní, "Ọmọ yìí mà wù mí o. Ó jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ ta ni?"

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe bú mi. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta ni àwọn àgbà fi kọ́ ẹnu yìí. Ó ti mọ ọ̀nà rẹ̀, kì í dúró dè mí. Kí n tó mọ̀, ó ti la ara rẹ̀, ó ti sọ pé, "Ọmọ yín ni, Ìyá."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Láṣùpọ̀. Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo dúpẹ́. Máa mú ajá rẹ lọ, èyí tó mi." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé Àbíọ́nà kò ké. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó rìn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ìyá náà, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ nílé mi lọ́jọ́ kìíní, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà." Ilé kẹfà nìyẹn. Mo wò ó, ọkàn mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Mo gbé ìbọn. Mo fà á, kò dún. Mo tún fà á, kò dún. Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ ní, "Ìbọn Láńlẹ́yẹ nìyẹn. O sọ fún un níbi ọdún tó kọjá pé ìbọn rẹ̀ ni. Kò lè gbọ́ tìrẹ níbí." Bàbá Láńlẹ́yẹ, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín. Ẹ kò ní gbé e lọ. Mo bá ju ìbọn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ tí bàbá mi fi ń kun ẹkùn lóorun. Mo dé ìdajì, mo gbàgbé. Ìyá náà bá mi parí rẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì pè é pé pérépéré. Èmi ni oorun gbé lọ.

Nígbà tí mo jí, oòrùn ti wà ní àtàrí, Láṣùpọ̀ sì ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lójú mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní, "Ìyá, mo ṣìwí. Ẹ dá a padà fún mi. Ẹ mú ajá."

Ó ní, "Ohun tí ẹnu fi fúnni, ẹnu lè gbà á padà, bó bá jẹ́ ẹnu ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá ń yin nǹkan, àlejò ni. Ẹni tó mọ àléébù rẹ̀ ló ni ín. Gbogbo ayé ló ń yìn ín pé ọmọ tó dára ni. Sọ àléébù rẹ̀ mẹ́ta fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí jí. Mo ní, "Àkọ́kọ́, bó bá fọ ìkòkò, kì í fọ ìdí rẹ̀. Ìdí ìkòkò wa ti dúdú débi tí Àwẹ̀ró kò fi mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ìkejì, àárín ló ti ń jẹ àkàrà, á wá pa etí rẹ̀ tì káàkiri ilé bí ẹni pé èèrà ló bí wa." Àbíọ́nà gbé orí sókè. Mo dúró díẹ̀ kí n tó sọ ìkẹta, torí n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí Àwẹ̀ró. Mo ní, "Ìkẹta, ó ń fi ẹja pamọ́. Ní gbogbo alẹ́, á gé ìdajì ẹja rẹ̀, á wé e sínú bébà, á sì tì í bọ inú ẹrù yẹn, torí kò dá a lójú pé oúnjẹ ọ̀la yóò wà. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i ni mo ti ní kí Àwẹ̀ró máa fi èyí tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀, kí èyí tó ń pamọ́ má bàa dín èyí tó ń jẹ kù. Orí ẹja ni mo ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. N kò sì fẹ́ràn orí ẹja."

Ọmọ náà ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ mí. Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ yí sí i, ó ní, "Tirẹ̀ ti jẹ́. Ó ku tìrẹ. Ṣé o fẹ́ bá a lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o fẹ́ dúró tì mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá náà ní, "'Bẹ́ẹ̀ ni' méjì kì í gbé ilé mi. Ohun tí a bá sọ níbí la ń ṣe. Lọ dúró sójú ìloro, fi ẹsẹ̀ kan síta, fi ẹsẹ̀ kan sílé, kí o wà níbẹ̀ títí wàá fi rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, ìbáà di ọdún mẹ́wàá." Ọmọ náà lọ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìdí tó fi ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" yé mi nígbà tí mo ń wò ó níbẹ̀. Ọmọ tó ti gbé ilé mẹ́rin mọ̀ pé ẹni tó bá kọ oúnjẹ, tó bá kọ iṣẹ́, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá padà. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni owó ìbùsùn rẹ̀. Mo fẹ́ ké sí i pé kó sọ pé òun fẹ́ mi. Láṣùpọ̀ fi ẹ̀gúsí dí mi lẹ́nu.

Oòrùn yẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́.

Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ ní, "Sọ ọ́ sókè."

Ó ní, "Mi ò fẹ́."

"Kí ni o kò fẹ́?"

Ẹ wò ó, bí omi ṣe ń ya nígbà tí ebè bá já ló ṣe tú jáde. Ó ní, "Mi ò fẹ́ ògì kíkan láàárọ̀. Mi ò fẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa rán mi níṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ gbogbo wa, mi ò rí gbogbo wọn nígbà tí ibà ṣe mí. Iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ọbẹ̀ ilá Ìyá Àwẹ̀ró. Mi ò fẹ́ ilé kẹfà, mi ò fẹ́ èkeje, mi ò fẹ́ tú ẹrù kí wọ́n tún ní kí n dì í." Ó ti ń sunkún báyìí. Ó na ọwọ́ sí mi. "Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa sun ìjálá láàárọ̀. Ohùn wọn ò dára. Kò dára rárá, sà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbí."

Èmi, tí wọ́n ń pè lọ sí ìlú mẹ́ta láti wá sun ìjálá. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, à bá wà nídìí ìjà di òní. Ṣùgbọ́n inú mi dùn tó fi jẹ́ pé omi bọ́ lójú mi. Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí àwọn ewúrẹ́ fi dìde. Ó ní, "Ọdẹ, àlejò kò lè sọ ìyẹn fún ọ. Nísinsin yìí, ọmọ ta ni?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù, ahọ́n mi sì le bí ìwo ẹfọ̀n àárọ̀ yẹn. Mo rántí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo rántí pé wọ́n lè gbà á lọ. Síbẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní, "Ọmọ mi ni." Mo tún un sọ, kí igbó lè gbọ́. Àbíọ́nà gbé ẹsẹ̀ tó wà nínú ilé síta.

Ẹ̀yìnlàárò ni mo fi sílẹ̀. Ẹnu mi ló fi í tọrẹ, n kò sì lè gba méjì lójúmọ́. Mo sunkún rẹ̀ o, ẹ má rò pé n kò sunkún. Mo rọ Láṣùpọ̀ kó bá wa lọ, ó wo ìkòkò ọbẹ̀, ó ní ká bá òun kí ìyàwó òun. Ìyá Gbàbẹ́ẹ̀ sìn wá dé ẹnu àgbàlá, ó juwọ́, ó ní, "Ẹ tún padà wá kí mi o." Ẹnu mi yìí tún là, ó fẹ́ sọ pé a óò wá. Àbíọ́nà fi ọwọ́ méjèèjì bò ó pátápátá, ó sì wọ́ mi bẹ́ẹ̀ títí a fi jìnnà. Bí kò bá ṣe ọwọ́ yẹn ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa fún yín ní obì lónìí.

Létí odò, ẹlétí tún bi mí bóyá àlàáfíà ni. Mo jókòó tì í, mo sọ òótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, mo dé orúnkún, mo dé ìbàdí, mo ṣàlàyé inú rírun mi ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé eyín, ó ti fi ọwọ́ bo ìwọ̀nba etí tí ọwọ́ méjì lè bò, ó ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́ ká máa lọ. A ti kọjá kí ó tó rántí béèrè pé ọjọ́ wo ni n óò wá jẹ ẹfọ̀n. A sáré.

Oṣù mẹ́ta pé. Obìnrin wẹ́fíà dé, ó ṣí fáìlì, ó kọjú sí mi láti béèrè. Kí n tó sọ̀rọ̀, Àbíọ́nà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò fẹ́ ilé kẹfà. Ibí ni mo fẹ́." Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ohùn ọmọ yìí tó báyìí rí láti ọdún márùn-ún. Èmi náà wá sọ ọ̀rọ̀ mi mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ògì kíkan nílé yìí. Ìjálá mi, ẹ̀yìn oko ni mo ti ń sun ún.

Ẹrù yẹn ńkọ́? Kò tú u lọ́jọ́ náà, kò tú u ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó tó oṣù méjì sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró kàn ta mí lẹ́sẹ̀ jí pé kí n wá gbọ́ òórùn. A yọjú, a bá a tó ti tú kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹja gbígbẹ inú bébà tò sílẹ̀ lọ bí ti ọlọ́jà, ológbò àdúgbò mẹ́rin sì ti jókòó sójú fèrèsé. Ó fọ ìró náà lẹ́ẹ̀mẹta kí òórùn tó lọ. Ẹ̀yin náà ti fọwọ́ kàn án. Òun ni kọ́tìnnì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí ẹ gbé sókè kí ẹ tó wọlé láàárọ̀.

Omi Bàbá Láńlẹ́yẹ ti tán. Àbíọ́nà! Wá bu omi sí i fún àwọn bàbá.

"Mi ò tíì lè wá, sà. Ẹ dúró ná, ọbẹ̀ fẹ́ jóná."

Ẹ gbọ́ bó ṣe dá mi lóhùn? Ọmọ mi ni.